Ọmọ Ọdún 16 Tó Lọ Wọṣẹ́ Sójà

Isaac Fadoyebo kò bi bàbá, kò bi ìyá, kó tó lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ sójà l'Abẹ́òkúta lọ́dún 1942. Ọmọ Ẹmùré-Ilé ni, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ọmọ ọdún 16 péré. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ ló ń gùn ún. Ogun Hítílà ń jà, òyìnbó ń wá ọ̀dọ́kùnrin, òun náà sì ń wá ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa títí dòní: ọ̀lẹ kọ́, ìpáǹle kọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì balẹ̀.

Ní bárékè, fèrè ní í jí sójà. Kí ojú tó mọ́ tán, ẹní ti ká, bàtà ti ń dán, oníkálukú ti dúró sójú ìlà. Ọmọ tó ń jí nígbà tó bá wù ú nílé yóò mọ̀ pé bí òun bá pẹ́, gbogbo ìlà ló ń dúró de òun. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni. Ohun tó gbé Isaac ró gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì fi í sí ibùdó tí wọ́n ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun wá.

Ẹ wo iṣẹ́ yìí dáadáa. Wọ́n gbé ọkùnrin kan dé, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ó ń ké. Ẹni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ̀n. Yóò gé aṣọ kúrò lójú ọgbẹ́, yóò fọ̀ ọ́, yóò fi bẹ́ńdéèjì dì í kó le, kó má sì le jù, yóò wá yíjú sí ẹni tó kàn. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan sí níkàáwọ́ lánàá ni wọ́n wá fi ẹ̀mí ẹni ẹlẹ́ni sí níkàáwọ́ lónìí. Mi ò mọ ohun tó tún lè mú ọ̀dọ́ gbà pé òun wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú ẹ̀ka ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní 81st Division ni ibùdó wọn wà, àwọn tó fi àmì aláǹtakùn sára aṣọ. Íńdíà ni wọ́n kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí lọ́dún 1943, kí wọ́n tó wọ Bọ́mà. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wọ̀nyí fi àáké àti ṣọ́bìrì la ọ̀nà tó tó máìlì 75 láàárín òkè, wọ́n ru ẹrù lórí, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Ní March 2, 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Egungun itan Isaac fọ́, ọta ìbọn sì wọ̀ ọ́ níkùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló wà nínú igbó ẹ̀bá odò náà. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló ń fún wọn lóúnjẹ, tó sì ń fi wọ́n pamọ́, títí àwọn sójà Gurkha tó ń jà fún òyìnbó fi dé lóṣù December. N kò ní sọ pé iṣẹ́ sójà ló yọ wọ́n. Àánú Shuyiman ni. Ẹsẹ̀ Isaac kò sì bọ̀ sípò mọ́. Nínú ogun tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ ló ti fara gbọgbẹ́ náà. Ẹni tó bá ń rán ọ̀dọ́ lọ wọṣẹ́ sójà gbọ́dọ̀ sọ èyí fún un pẹ̀lú.

Síbẹ̀, ẹni tó padà wá sílé lọ́dún 1945 kì í ṣe ọmọ tó sá lọ. Ó fi ẹsẹ̀ tó ń tiro ṣiṣẹ́ ìjọba, ó fẹ́yàwó, ó bímọ. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1999. Ó dárúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kú létí odò náà. Nígbà tí akọ̀ròyìn Barnaby Phillips ń lọ sí Bọ́mà lọ́dún 2011, bàbá náà fi lẹ́tà ọpẹ́ rán an sí ìdílé Shuyiman. Àwọn ẹbí Shuyiman rí lẹ́tà náà gbà nígbà tí Isaac ṣì wà láyé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló kú.