Ọ̀yẹ́ àti Òdòdó Àfòpiná

Ẹni tí ó bá mú kí irú òdòdó ọ́kíìdì tí ìtànná rẹ̀ jọ ìyẹ́ àfòpiná tún tanná nínú yàrá ní Niamey, ìlú etí odò Ọya tí ooru oṣù kẹrin í máa kọjá ìwọ̀n 40 Celsius lọ́sàn-án, ó tó ẹni à ń ṣí fìlà fún. Ọ̀yẹ́ tí ń la ètè wa ni ọ̀rẹ́ òdòdó náà: òtútù òru oṣù kìíní, tí í sún mọ́ ìwọ̀n 16, ní í jí ọ̀pá ìtànná lójú oorun, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ kan náà a máa mú ewé hunjọ, nítorí náà ni olùtọ́jú fi ń gbé ìkòkò lé òkúta wẹ́wẹ́ inú àwo omi, láìjẹ́ kí ìdí ìkòkò kan omi. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í kúkú wo ẹnu àáké. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, èéhù tútù kan á yọ láàárín ewé, orí rẹ̀ á rí pẹlẹbẹ díẹ̀, kò ní rí rogodo bí ti gbòǹgbò.