Ìbà, Ẹrù Ìlù àti Orúkọ: Bí Wàsíù Àyìndé Ṣe Di Eléré

Bí òde ìnáwó bá ti gbóná ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tí wọ́n sì fi orin Wàsíù Àyìndé sí i, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó rántí pé ẹrù ìlù ni K1 kọ́kọ́ rù. Àwọn ọ̀dọ́ a fi ìtàn náà tu ara wọn nínú pé ẹni tí ń jìyà lónìí lè là lọ́la. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ka ọdún ẹrù rírù yẹn sí ìyà tí eléré jẹ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1957 ni wọ́n bí Wàsíù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó dàgbà sí Èkó. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà tó ti ń kọrin. Kí ó tó pé 15, ó ti borí níbi ìdíje mélòó kan. Wéré ló gbòde nígbà náà, orin ajísààrì tí wọ́n fi ń jí aláàwẹ̀ nínú oṣù Ramadan, èyí tí fújì ti inú rẹ̀ jáde. Ẹgbẹ́ adúgbò kan a máa bá ti òmíràn díje, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbọ́ olùdíje sì mọ ilé baba rẹ̀.

Kí ló wá mú ẹni tó ti borí níbi ìdíje lọ máa ru ìlù fún Síkírù Àyìndé Barrister? Ìbéèrè yìí ni ìtàn ojú agbo máa ń fò dá. Ohùn dídùn nìkan kọ́ ni fújì. Ẹni tó ń ru ìlù ló ń ṣáájú dé òde, òun náà ló ń kẹ́yìn kúrò. Yóò rí ẹni tí ọ̀gá kọ́kọ́ kì, ìgbà tí gángan gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ kí orúkọ olówó lè dún ketekete, àti bí wọ́n ṣe ń pẹ̀tù sí ọlọ́lá tí wọ́n gbàgbé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan nídìí ẹrù ni ó tó wọ ẹgbẹ́ Supreme Fuji Commanders, láàrin 1975 sí 1978.

Nígbà tí àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1980, Ìbà ni ó pè é. Nínú ìjálá tàbí ẹ̀sà, ìbà ni apohùn fi ń ṣí eré ọjọ́ kan. Níhìn-ín, ó fi í ṣí iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ti orúkọ tilẹ̀ jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Oríkì àbísọ ni Àyìndé, àwọn àgbà ilé ló ń fún ọmọ. Wàsíù gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó fi kún orúkọ tirẹ̀, bí ẹni pé wọ́n tún un bí sí ìdí orin. Fún ìgbà kan, Wàsíù Àyìndé Barrister ni gbogbo ayé ń pè é. Nígbà tó di K.W.A.M. 1, Marshal rọ́pò Barrister, ṣùgbọ́n A tó wà láàrin kò yẹ̀. Ó dá orúkọ iṣẹ́ padà, ó di ti ìbí mú. Lámèyítọ́ tó bá ń wá ibi tí Wàsíù ti kúrò lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kí ó wò ó nínú lẹ́tà mẹ́rin wọ̀nyẹn kí ó tó dé inú ìlù Talazo '84.

Project Fame West Africa tí Iyanya gbà ní 2008, tí Chidinma gbà ní 2010, kò lè fún ẹnikẹ́ni ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi fóònù dìbò kò mọ ilé olùdíje, kò sì sí ọ̀gá tí yóò júbà fún.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra kí a má sọ ọ̀nà Wàsíù di òfin. Ta ni yóò gba ọmọbìnrin láyè láti máa bá àwọn ọkùnrin ru ìlù láti òru mọ́jú? Ní 1976, nígbà tí Wàsíù ṣì wà lẹ́yìn ọ̀gá, Sàláwà Àbẹ̀ní, ọmọ ọdún 15, ti gbé àwo orin tirẹ̀ jáde. Wákà ni ó kọ, orin tí Bàtílì Àlàkẹ́ ará Ìjẹ̀bú-Igbó ti gbé dé inú àwo ṣáájú rẹ̀.