Ṣé Ike Lè Gbọ́n? Àríwísí Kékeré lórí Ọ̀rọ̀ Kan

Ní kíláàsì Yorùbá wa, a fẹnu kò pé 'ike ọlọ́gbọ́n' ni a ó máa pe ohun tí àwọn olóyìnbó ń pè ní smart polymer. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi, ní Marlborough ní Calgary, mo sọ ọ́ fún màmá mi. Wọ́n ń se ẹ̀kọ lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ike wo ló gbọ́n? Ṣé èyí tí mi ò rí ọmọrí rẹ̀ láti àná?" Ojú tì mí. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ kẹ́mísírì, màmá mi ò sì tíì mọ ohun tí mò ń ṣe.

Àṣìṣe méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni 'ike'. Ẹ wo methylcellulose, ọ̀kan nínú àwọn èròjà yìí. Ìyẹ̀fun funfun ni, ara igi tàbí òwú ló sì ti ń wá. Sẹ́lúlóòsì, tí Anselme Payen ọmọ ilẹ̀ Faransé yọ sọ́tọ̀ ní ọdún 1838, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nínú òwú, ó tó ìdá 90 nínú 100. Ṣúgà glucose tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀ ni, àmọ́ kì í yòrò nínú omi, torí pé àwọn okùn rẹ̀ dì mọ́ra pinpin. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú kọ́sítíìkì sódà, irú èyí tí àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ń lò, kí okùn náà lè dẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi kẹ́míkà mìíràn so ẹ̀yà kékeré kan, methyl, mọ́ ọn lára.

Ìkejì ni 'ọlọ́gbọ́n'. Ọlọ́gbọ́n a máa yan èyí tó wù ú. Methylcellulose kì í yan nǹkan kan. Nínú omi tútù, omi á rọ̀ mọ́ ọn, á yòrò. Tí ooru bá tó bíi 50 sí 60 ní ìwọ̀n Celsius, omi á jáwọ́ lára rẹ̀, àwọn okùn á so mọ́ra, á dì. Tó bá tutù, á tún yòrò.

Mo wá sọ fún màmá mi pé, "Bí ẹ̀kọ ló rí, àmọ́ òdìkejì ni. Tó bá gbóná ló ń dì." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ó sì tún ń padà? Ẹ̀kọ kì í padà di ògì o!" Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn, àwọn ni wọ́n sì rí i.

Mo dábàá 'èròjà agbọ́ràn'. Àwọn kan á ní ènìyàn ló ń gbọ́ràn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Yorùbá tún ń gbọ́ òórùn láìlo etí. Nǹkan kàn án lára, ó sì yí padà: kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá èyí tó dára jù ú, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìyá yín. Tí wọn ò bá rí ìbéèrè bi yín, ẹ tún un wá.