Ìjálá Lójú Agbo àti Ìjálá Inú Àwo: Àlàbí Ògúndépò ará Ṣakí

Àlàbí Ògúndépò, ará Ṣakí, wà lára àwọn oníjàálá tí wọ́n gbé ohùn ọdẹ láti ojú agbo wọ inú àwo. Adébóyè Babalọlá ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1966 pé lójú agbo, akẹgbẹ́ lè ta ko oníjàálá tí ó bá ṣi oríkì pè. Àwo kò gba èyí láàyè: ojú kan rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ, kò sì sí akẹgbẹ́ tí yóò dá sí i. Bí àṣìṣe bá wọ oríkì ìdílé kan, àwọn ọmọ ìdílé náà lè kọ́ ọ bí òtítọ́. Síbẹ̀, àwo ni ó mú ohùn náà dé etí ẹni tí kò dé Òkè-Ògùn rí. Nítorí náà, kí alámèyítọ́ tó fi àwo ṣe ẹ̀rí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbé e tọ àwọn àgbà ọdẹ lọ.