Òrìṣà Oko Lórí Ceres: Àríwísí Lórí Ìsọlórúkọ Àwọn Pílánẹ́ẹ̀tì Kéékèèké

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1801, ní Palermo ní erékùṣù Sicily, Giuseppe Piazzi rí ohun kan tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé méjì ni Piazzi wò, ó pè é ní Ceres Ferdinandea. Ceres ni òrìṣà obìnrin tí àwọn ará Róòmù ìgbàanì ń bọ fún iṣẹ́ oko. Ferdinand ni ọba Sicily nígbà náà. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mìíràn kò fara mọ́ orúkọ ọba. Ti òrìṣà ló dúró. Irú awuyewuye bẹ́ẹ̀ tún wáyé ní 1850, nígbà tí J. R. Hind sọ òmíràn ní Victoria, tí àwọn kan ní Amẹ́ríkà sì fẹ̀sùn kàn án pé ọbabìnrin tó wà láàyè ló ń kì. Lónìí, olóṣèlú tàbí jagunjagun gbọ́dọ̀ ti kú fún 100 ọdún kí wọ́n tó lè fi orúkọ rẹ̀ sọ irú ayé kékeré bẹ́ẹ̀.

Òfin yìí ń ṣọ́ agbára ọba. Ohun tí ìlànà náà kò ṣọ́ tó ni ohùn orúkọ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kan Yorùbá. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Dawn dé Ceres ní 2015, Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Ìràwọ̀ Lágbàáyé ń fi orúkọ àwọn òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ láti inú àṣà oríṣiríṣi sọ àwọn kòtò tó wà lára rẹ̀. Ìlànà tó mọ́gbọ́n dání ni, nítorí orúkọ Ceres fúnra rẹ̀ ló bí i. Ọ̀kan nínú wọn ni Yalode, kòtò tó fẹ̀ tó kìlómítà 260. Òrìṣà obìnrin ilẹ̀ Dahomey ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n etí Yorùbá kò lè ṣàì gbọ́ Ìyálóde nínú rẹ̀. Òmíràn ni Oxo, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 10.

Àlàyé tó wà fún Oxo ni pé òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, nínú ẹ̀sìn àwọn ọmọ Áfíríkà ní Brazil, èyí tó ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn fi hàn pé Òrìṣà Oko ni, òrìṣà tí ojúbọ rẹ̀ gbajúmọ̀ ní Ìràwọ̀. Orúkọ náà gan-an ni kò fi í hàn. Nínú àkọtọ́ Brazil, x ló dúró fún ṣ, bó ti rí nínú Oxum àti Xangô. Ẹni tó bá fi ìlànà yìí ka Oxo, oṣó ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òrìṣà yìí gan-an ni wọ́n ń gbé àwọn tí a fẹ̀sùn àjẹ́ kàn lọ bá kí ó dájọ́ wọn!

A lè jiyàn pé orúkọ tó ti la òkun já ní ẹ̀tọ́ sí ohùn tuntun. Òtítọ́ ni. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil pa òrìṣà náà mọ́ nínú ìpọ́njú, ẹnikẹ́ni kò sì lè pe Orixá Oko tiwọn ní àṣìkọ. Ṣùgbọ́n Orixá Oko ṣì di oko mú, ọ̀rọ̀ tó gbé ìtumọ̀ òrìṣà náà ró. Oxo ti sọ ọ́ nù. A kò sì lè sọ pé àmì ló ṣòro. Ẹgbẹ́ yìí kan náà fọwọ́ sí ǂKá̦gára fún ayé kékeré kan tó jìnnà ré kọjá Neptune, tàmì-tàmì, láti inú èdè ǀXam ti Gúúsù Áfíríkà, èdè tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́. Ní 2016 ni àwọn onímọ̀ kéde pé omi dídì wà nínú kòtò Oxo, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ yìí ṣe wọ inú ìwé sáyẹ́ǹsì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hawaii yàtọ̀. Níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fi èdè Hawaii kọ́ni jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà èdè àti àwọn onímọ̀ ìràwọ̀. Òkúta òfuurufú tí a ń pè ní 2016 HO3 wà níwájú wọn bí ìkókó tí a kò tíì sọ lórúkọ. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè bó ṣe ń rìn, kí wọ́n tó padà sínú Kumulipo, ewì ìṣẹ̀dá ayé wọn, láti wá orúkọ. Kamoʻoalewa ni wọ́n mú jáde, a sì tẹ́wọ́ gbà á ní 2019, pẹ̀lú àmì ʻokina rẹ̀ ní ipò tó yẹ kó wà.