Ọwọ́ Òsì Scriabin: Lámèyítọ́ Prelude Mẹ́rìnlélógún, Opus 11

Olórin tó bá to prelude mẹ́rìnlélógún jọ fún píánò, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní C major, tí A minor tẹ̀ lé e, tí ó sì ń pààrọ̀ kíì bẹ́ẹ̀ títí dé D minor, òun fúnra rẹ̀ ló pe Chopin wá ṣe ẹlẹ́rìí. Chopin ló to tirẹ̀ báyìí nínú Opus 28, èyí tó jáde ní 1839. Alexander Scriabin, ọmọ Rọ́ṣíà tí a bí ní 1872, gba ètò náà bó ṣe wà nínú Opus 11 rẹ̀, tí Belyayev tẹ̀ jáde ní 1897. Nítorí náà, a kò ṣẹ̀ ẹ́ bí a bá fi òṣùwọ̀n Chopin wọn iṣẹ́ rẹ̀.

Ìhun ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni àléébù pọ̀ sí. Láti 1888 títí di 1896 ni ó fi ń kọ wọ́n, òmíràn ní Moscow, òmíràn ní Dresden tàbí Paris, bí ìrìn-àjò bá ṣe gbé e. Wọ́n ní Belyayev bá a ta tẹ́tẹ́ pé kò ní lè kọ 48, ìyẹn ni pé kó yí gbogbo kíì po lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá ka Opus 11 mọ́ Opus 13, 15, 16 àti 17, 47 ni gbogbo rẹ̀: ó ku ẹyọ kan. Irú kíkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàìfi ara hàn. Nínú iṣẹ́ Chopin, orin kan ń bí èkejì. Níbí, kíì ló so wọ́n pọ̀, èrò kò so wọ́n. Nọ́ńbà 18 àti Nọ́ńbà 20 ń bínú ìbínú kan náà, ohun tó wà láàárín wọn kò sì tó láti jẹ́ kí etí sinmi. Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní ìjókòó kan yóò rí i pé a ti tò ó dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní rí ibi tí ó ń lọ.

Bí a bá wá kúrò lórí ìtòpọ̀, tí a mú orin lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Nígbà tí Scriabin wà ní ilé-ẹ̀kọ́ orin gíga ti Moscow, ó fi ìdánrawò àṣejù ṣe ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ léṣe, ọwọ́ òsì ni ó sì gbájú mọ́. Ní 1894 ó kọ Opus 9 fún ọwọ́ òsì nìkan. Èrè ìyà yẹn ni à ń jẹ nínú Opus 11. Ọ̀pọ̀ akọrin-sílẹ̀ ló ń fi ọwọ́ òsì ṣe ẹrú, tí yóò máa gbé ẹrù ohùn ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀tún kiri. Nọ́ńbà 15, ní D-flat, kò gbà bẹ́ẹ̀: òsì nìkan ló bẹ̀rẹ̀, ó ń kọ ohùn méjì pọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọ̀tún sì ní sùúrù kó tó dá sí i. Ohun tí a yọ kúrò níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a fi sí i lọ, síbẹ̀ kò sí ibi tó ṣófo.

Ọgbọ́n rẹ̀ lórí ìlù náà kò kéré. Nínú Nọ́ńbà 1, ó pín ìró sí márùn-ún-márùn-ún, ó sì jẹ́ kí ìdì kọ̀ọ̀kan fo ìlà báà, débi pé ohun tí ojú rí lórí ìwé àti ohun tí etí gbọ́ kì í pàdé. Nọ́ńbà 14 gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sínú báà kan, pẹ̀lú eré sísá. Àwọn atẹ-píánò tó ń ka Nọ́ńbà 1 bí ẹni ka owó kò ṣe é dáadáa. Scriabin fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà oníhò ti Welte-Mignon, píánò tó ń dá tẹ ara rẹ̀, ní 1910, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tí yóò sọ pé ó ń tẹ̀ lé aago.

Nọ́ńbà 16 ni a ṣàròyé lé lórí jù. B-flat minor ni, kíì orin ìsìnkú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Chopin, ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jọ ti orin ìsìnkú náà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tó gbà á lọ́wọ́ ìtìjú ni pé báà oní-márùn-ún àti oní-mẹ́rin ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, tí àwọn tó gbé pósí fi ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ìbànújẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an wà nínú Nọ́ńbà 4, tí ó kọ ní 1888, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Orin yẹn kò pariwo rárá.

Ìdájọ́ wa ni pé àkójọ tó dára gidi ni Opus 11, kì í ṣe odindi kan. Kí atẹ-píánò má fi tipátipá tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún tẹ̀ léra níwájú èrò. Kó ṣa mẹ́fà tàbí méje, kó sì rí i pé Nọ́ńbà 15 wà níbẹ̀.