Gáréèjì Nínú Ìwé Òfin: Àyẹ̀wò Ojú tí Ìjọba Ìbílẹ̀ fi ń Wo Ètò Gbọ́kọ̀-Sílẹ̀-Wọ-Bọ́ọ̀sì ní Agbègbè Ìwó

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni ojú tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń wo gáréèjì, àti ohun tí irú ojú bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún ètò kan tí àwọn onímọ̀ ìrìnnà ń gbé lárugẹ. Ètò náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Onímọ́tò yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ààyè tí wọ́n pèsè ní etí ìlú, yóò wọ bọ́ọ̀sì lọ sí àárín ìlú, yóò sì padà wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Gbọ́kọ̀-sílẹ̀-wọ-bọ́ọ̀sì ni yóò máa jẹ́ níhìn-ín. Àwọn tí ó ń yìn ín sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀sì. Ní Nàìjíríà, orí gáréèjì ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí gáréèjì ni òfin fi lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́.

Bí ènìyàn bá ka Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, tí ó tẹ̀lé ti ọdún 1979 pẹ́kípẹ́kí ní ibi yìí, yóò rí i pé inú gbólóhùn kan náà ni wọ́n kó gáréèjì pọ̀ sí mọ́ odò ẹran, ọjà àti ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò. Itẹ́ òkú wà ní ìlà kejì tí ó ṣáájú rẹ̀. Kí ni ó so wọ́n pọ̀? Ibi tí èrò ti ń pé jọ ni wọ́n, tí ìdọ̀tí ti ń pọ̀, tí ó sì yẹ kí ẹnì kan máa bójú tó. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ó sọ ibi tí èrò ń lọ lẹ́yìn tí ó bá dé gáréèjì. Àfikún náà fún ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ láti fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi, bárò àti ọmọlanke ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ó yọ ẹ̀rọ akẹ́rù tí ó ní ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kedere; kò sì mẹ́nu kan bọ́ọ̀sì rárá.

Òfin tí ó pín owó orí láàárín àwọn ìjọba ní ọdún 1998 tún mú ọ̀rọ̀ náà yéni sí i. Lára owó tí ó fún ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti gbà ni owó gáréèjì, owó ìtanràn lórí ọkọ̀ tí wọ́n gbé sí ibi tí kò yẹ, àti owó tí olóde ń san kí ó tó dí ọ̀nà ṣe àríyá. (Ẹni tí ó bá ti há sínú ọkọ̀ rí ní ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ta àtíbàbà sí àárín títì yóò mọ̀ pé kì í ṣe olóde nìkan ni ó ń jèrè.) Ètò gbọ́kọ̀-sílẹ̀-wọ-bọ́ọ̀sì bá méjì jà nínú mẹ́ta wọ̀nyí. Bí ọkọ̀ bá dín kù ní àárín ìlú, ìtanràn yóò dín kù; bí bọ́ọ̀sì kò bá sì san owó ní gbogbo ìgbà tí ó bá wọ gáréèjì, owó gáréèjì yóò joro. Ìgbìmọ̀ tí ó bá ń lọ́ra kì í ṣe aláìlọ́gbọ́n. Ìṣirò ni ó ń ṣe.

Wọ́n sábà máa ń fi ìlú Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Redbridge ní ọdún 1973. Ohun tí àwọn tí ó ń fi Oxford yangàn kì í sábà sọ ni pé ìgbìmọ̀ ìlú náà kò dúró lórí etí ìlú nìkan: ó tún kápá ibi ìgbọ́kọ̀sí ní àárín ìlú àti iye owó rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1995, Graham Parkhurst béèrè bóyá ètò yìí kò máa dá kún iye mọ́tò tí ó wà lójú títì. Ẹni tí ó ti ń wọ bọ́ọ̀sì láti abúlé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wa mọ́tò dé etí ìlú, kí bọ́ọ̀sì abúlé sì pàdánù èrò. Àríwísí yìí wúlò fún Ìwó ju gbogbo ìyìn lọ.

Ìdí ni pé ní Ìwó, onímọ́tò kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò. Obìnrin tí ó gbé ẹrù láti Ilé-Ogbó tàbí Bódè-Òsì lọ sí ọjà Odò-Orí ni. Bí wọ́n bá ní kí ó sọ̀ ní etí ìlú kí ó tún wọ bọ́ọ̀sì mìíràn, kò ní mọ́tò tí yóò gbé sílẹ̀. Ẹrù ni yóò gbé sílẹ̀, tí yóò sì tún gbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò san owó alábàárù. Bí òjò bá sì dé, orí ata rẹ̀ ni yóò rọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ààlà tún wà níbẹ̀. Ilé-Ogbó ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédìrẹ́, Bódè-Òsì ni ti Ọlá-Olúwa, ìjọba ìbílẹ̀ Ìwó ni ó sì ni Odò-Orí. Níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró ni owó gáréèjì yóò ti wọlé. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ mẹ́ta tí ó yẹ kí ó jọ ṣe ètò kan ṣoṣo ni òfin sọ di oníṣòwò tí ń du oníbàárà kan náà.

Ibi tí bọ́ọ̀sì ńlá bá ti dé, ìjọba ìbílẹ̀ a máa pòórá nínú ọ̀rọ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, nípasẹ̀ LAMATA, ni ó ṣètò ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT láti Mile 12 dé CMS ní ọdún 2008. Ní Ìbàdàn, níbi tí èrò Ìwó ti ń sọ̀ ní Iwo Road, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó dá ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW dúró ní ọdún 2019, òun náà ni ó sì kọ́ ibùdókọ̀ ńlá síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ibùdókọ̀ náà dára lójú ju gáréèjì àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìwé òfin tí ó fi gáréèjì fún ìjọba ìbílẹ̀ kò yí padà.

Àwọn kan rò pé ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, tí ó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, ti tú kókó yìí. Owó ni ìdájọ́ náà kàn; kò fi bọ́ọ̀sì kún iṣẹ́ wọn. Ohun tí ó lè fi kún un ni ìpínrọ̀ kejì Àfikún Kẹrin, tí ó gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi iṣẹ́ mìíràn lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Bí àwọn aṣòfin ní Òṣogbo bá fẹ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ó ní láti sọ ìgbìmọ̀ tí yóò gba owó lọ́wọ́ bọ́ọ̀sì tí ó ti Ilé-Ogbó wá, àti ẹni tí yóò san owó alábàárù ẹlẹ́ẹ̀kejì.